Bí A Ṣe Ń Ṣe Ìpolongo Tó Lè Dá Igún Sí

Ẹ káàbọ̀. Ẹyẹ tí ẹ ń wò yìí ni igún, tí a tún ń pè ní gúnnugún. Ẹ wo ojú rẹ̀ dáadáa. Kò sí ìyẹ́ níbẹ̀, ó sì pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́. Ṣùgbọ́n bí òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ bá ń jà lórí ẹran, ojú yẹn á pọ́n koko. Ẹnu rẹ̀ tín-ín-rín, kò lágbára tó láti ya awọ màlúù, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé èyí tó ṣẹ́ kù lára egungun ló ń ṣà jẹ. Irú igún yìí ló máa ń bà sórí òrùlé odò ẹran àti sí ààtàn. Ní 2015, àjọ IUCN tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ àwọn ẹ̀dá tó ń dínkù láyé gbé e sí ìpele tó kẹ́yìn, èyí tí ẹ̀dá máa ń wà kó tó di àwátì nínú igbó. Ọ̀pọ̀ ọmọ ló ti dàgbà nílẹ̀ Yorùbá báyìí tí kò fojú kan igún rí.

Bí a ṣe ń polongo kí pípa igún lè dínkù ni fídíò yìí dá lé. Kókó kan ṣoṣo ni ẹ máa gbọ́ léraléra: ìpolongo tó bá ń bá gbogbo ayé sọ̀rọ̀ kì í dá ẹyẹ kan sí. Ẹ mọ ẹni tí ẹ ń bá sọ̀rọ̀, kí ẹ sì mọ ohun tí ẹ fẹ́ kó máa ṣe dípò èyí tó ń ṣe.

Ta ni ẹni náà? Ìwádìí kan tó jáde ní 2016 kó ìròyìn igún 7,819 tó kú ní orílẹ̀-èdè Áfíríkà 26 jọ. Májèlé ló pa ìdá 61 nínú ọgọ́rùn-ún, títà fún ìṣègùn ìbílẹ̀ gba ìdá 29, wáyà iná sì pa ìdá 9. Lọ́dọ̀ wa ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, méjì àkọ́kọ́ yìí máa ń di ọ̀kan náà, torí wọ́n ń fi májèlé pa igún kí wọ́n lè tà á. Ní Guinea-Bissau, ní nǹkan bíi 2020, wọ́n fi májèlé pa igún bíi 2,000, àwọn kan nínú wọn kò sì ní orí mọ́ nígbà tí wọ́n rí òkú wọn. Ẹyin kan péré ni igún ń yé lọ́dún. Ó ń sàba lé e fún bí àádọ́ta ọjọ́, ọmọ náà á sì tún wà nínú ìtẹ́ fún nǹkan bí oṣù mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Ẹ̀dá tó ń bímọ báyìí kò lè rọ́pò ohun tí ọjà ń kó lọ.

Nítorí náà, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ọjà. Ẹ lọ sí ìsọ̀ àwọn lẹ́kulẹ́jà kí ẹ tó tẹ ìwé kankan jáde. Ọ̀nà tí ẹ máa gbà béèrè ọ̀rọ̀ ṣe pàtàkì gan-an. Bí ẹ bá bi ìyá kan pé, “Ṣé ẹ̀yin ń ta igún?”, rárá ni yóò sọ, ó sì lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ bi í pé, “Mà á, nínú ìsọ̀ mẹ́wàá tó wà lágbègbè yìí, mélòó ló lè bá èèyàn wá igún?” Ẹ bi ogún tàbí ọgbọ̀n èèyàn ní ìbéèrè kan náà, lọ́jọ́ ọjà kan náà, kí ẹ kọ nọ́ńbà nìkan sílẹ̀. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ náà ní ọjà kejì tí ẹ kò ní polongo. Ẹ má kọ orúkọ, ẹ má ya fọ́tò ojú ẹnikẹ́ni. Bí àkọsílẹ̀ yín bá dé ọwọ́ àwọn agbófinró lẹ́ẹ̀kan péré, kò sẹ́ni tó máa dá yín lóhùn mọ́ lọ́jà yẹn. Òfin tó dáàbò bo ẹranko tó ń parun ti wà ní Nàìjíríà láti 1985, wọ́n sì tún un ṣe ní 2016. Iṣẹ́ àwọn tí ìjọba yàn ni láti mú alágbàtà tó ń fi àpò kó ẹyẹ wọ̀lú. Bí ìpolongo àti ìmúni bá wọlé lọ́jọ́ kan náà, abẹ́ àtẹ ni ọjà á sá sí, ẹ ò sì ní rí nǹkan kà mọ́.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ra òkú igún tàbí ààyè igún torí pé àánú ṣe yín. Owó tí ẹ san á dé ọwọ́ ọdẹ, ọdẹ á sì padà sígbó.

Ó wá kan ọ̀rọ̀ tí ẹ máa sọ, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ owó ti ń ṣòfò. Ẹ wo pátákó tó kọ ọ́ gàdàgbà pé “Igún ti fẹ́ tán!” Ohun tí oníṣòwò kà níbẹ̀ ni pé ọjà ń wọ́n bọ̀, kí òun tètè kó o pamọ́. Àwòrán orí igún tí wọ́n tò sórí àtẹ burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí ó ń sọ fún ẹni tí kò rà á rí pé gbogbo èèyàn ló ń rà á. Ẹ má sì dárúkọ iye tí wọ́n ń tà á láé.

Fún ẹni tó ń rà á ṣe àwúre tàbí oògùn àìsàn, ọ̀rọ̀ kan wà tó máa ń wọlé: kí ló pa igún yẹn? Bó bá jẹ́ Fúrádán, oògùn apakòkòrò, tí wọ́n fi sínú òkú ẹran ló pa á, májèlé náà ṣì lè wà lára ohun tí wọ́n ń lọ̀, tí wọ́n ń jó, tí wọ́n sì ń fi sẹ́nu. Fún oníṣègùn àti babaláwo, àwọn baba wa ti sọ tiwọn tipẹ́: a kì í pa igún, a kì í jẹ igún, a kì í fi igún bọ orí. Wọ́n tún sọ pé bí a kò bá rí gúnnugún, a kò gbọdọ̀ ṣẹbọ. Ẹ jẹ́ kí àgbà oníṣègùn fúnra rẹ̀ sọ ọ́. Lẹ́nu ọmọ yunifásítì tó wọ fáńẹ́ẹ̀lì ìpolongo, ó lè dà bí àfojúdi. Fún alápatà, ẹ sọ̀rọ̀ ìmọ́tótó: omi inú ikùn igún mú tó láti pa kòkòrò àrùn tó lè gbẹ̀mí màlúù àti èèyàn.

Àmọ́ ọ̀rọ̀ nìkan kò tó. Ẹ wo Íńdíà. Láàárín 1992 sí 2007, ìdá tó lé ní 99 nínú ọgọ́rùn-ún irú igún kan pa rẹ́ níbẹ̀. Ní 2004 ni ìwádìí tí wọ́n ṣe ní Pakistan jáde, tó fi hàn pé diclofenac, oògùn ìrora tí wọ́n ń fún màlúù, ló ń ba kíndìnrín igún jẹ́ bó bá jẹ òkú rẹ̀. Ní 2006 wọ́n fòfin de lílò ó fún ẹran ọ̀sìn. Ohun tó jẹ́ kí àwọn dókítà ẹran gbà ni pé oògùn mìíràn tó ń jẹ́ meloxicam wà, ó ń ṣe iṣẹ́ kan náà, kò sì pa igún. Síbẹ̀ àwọn kan ń ra ìgò ńlá diclofenac tó wà fún èèyàn, wọ́n sì ń gún un fún màlúù. Ó di 2015 kí ìjọba tó pàṣẹ pé ìgò abẹ́rẹ́ ti èèyàn kò gbọdọ̀ ju mílílítà 3 lọ. Ibi tí òfin ti ń jò kì í hàn àfi téèyàn bá ń tẹ̀ lé e.

Nílẹ̀ wa, Nigerian Conservation Foundation, àjọ tó ń dáàbò bo ẹranko àti igbó, ti ń bá àwọn oníṣègùn jíròrò lórí fífi ewé àti egbò rọ́pò ẹ̀yà ara igún. Bí ẹ bá fẹ́ ṣe irú ìpàdé bẹ́ẹ̀, ẹ kọ́kọ́ lọ kí olórí ẹgbẹ́ àwọn oníṣègùn àti ìyálọ́jà. Èèyàn mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí ogún ti tó. Ẹ má béèrè bí wọ́n ṣe ń ṣe oògùn, torí àṣírí iṣẹ́ wọn ni. Ohun tí wọ́n ń lo igún fún ni kí ẹ béèrè, kí àwọn fúnra wọn sì dárúkọ ewé tí yóò rọ́pò rẹ̀. Ẹ kàn rí i pé ohun tí wọ́n mú ṣeé gbìn. Bó bá jẹ́ èèpo igi kan tó ti ń wọ́n nígbó, ẹ ti gbé wàhálà igún lé igi lórí nìyẹn.

Ẹ fi rédíò gbè é lẹ́yìn. Ìṣẹ́jú àáyá 45 ti tó, ní ẹ̀ka èdè tí wọ́n ń sọ lọ́jà yẹn, lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ọjọ́ ọjà. Ohùn ẹni tí wọ́n mọ̀ ni kí ẹ lò, ohun kan ṣoṣo ni kó sì bẹ̀ wọ́n láti ṣe.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ẹ padà lọ béèrè ìbéèrè àkọ́kọ́ yẹn. Ẹ tún lọ béèrè rẹ̀ ní ọjà kejì tí ẹ kò ti polongo, níbi tí ẹ ti ka nọ́ńbà níbẹ̀rẹ̀. Bó bá jẹ́ pé ó dínkù bákan náà lọ́jà méjèèjì, ó lè má jẹ́ iṣẹ́ yín ló dín in kù. Ẹ sì ka igún gan-an ní odò ẹran, láago méje sí mẹ́sàn-án àárọ̀, lọ́jọ́ kan náà lọ́sẹ̀. Iye tó pọ̀ jù tí ẹ rí pa pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà ni kí ẹ kọ. Bí ẹ bá ń ròó pọ̀ láti wákàtí dé wákàtí, ẹyẹ kan lè di mẹ́rin. Ọjọ́ tí ẹ kò bá rí ìkankan, ẹ kọ 0.

Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù kẹsàn-án ni àyájọ́ igún lágbàáyé. Bí ẹ bá fẹ́ lò ó, ẹ ti parí kíkà ọjà kí oṣù kẹfà tó tán, kí ẹ sì ṣe ayẹyẹ náà ní odò ẹran, níbi tí alápatà, lẹ́kulẹ́jà àti oníṣègùn ti lè wá láìwọ ọkọ̀.