Ta Ló Ń Sanwó, Ta Ló Ń Dìbò? Kíkọ́ Ìmọ̀ Ìṣèlú ní Kọ́lẹ́ẹ̀jì Kékeré

(Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí mo ṣe fún àwọn òbí àti akẹ́kọ̀ọ́ ní Yábàá)

Ẹ̀yin òbí wa, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ kú ìjókòó o. Kí n tó wọlé síbí ni ìyá kan dá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní, "Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ọmọ mi ní ìmọ̀ ìṣèlú lòun fẹ́ kà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì yín. Ṣé olóṣèlú ló fẹ́ dà ni?"

Ìbéèrè gidi ni, torí owó ilé ẹ̀kọ́ ọdún 3 kì í ṣe owó kékeré. Ẹ̀kọ́ yìí kò ní gbé ọmọ yín dé orí àga ìjọba. Ohun tó máa kọ́ ọ ni bí a ṣe ń béèrè pé: ta ló ń pàṣẹ, ta ló ń sanwó, ta ni wọn kò sì kà kún?

Ilé ìkàwé wa kò tó nǹkan, ọ̀pọ̀ ìwé ibẹ̀ ti gbó. Ó ń dùn mí, n kò sì ní fi pamọ́ fún yín. Àmọ́ akẹ́kọ̀ọ́ 11 péré ló wà ní kíláàsì mi. Kò sí ẹ̀yìn tí ẹnikẹ́ni lè sá sí. Bí o kò bá kàwé wá, gbogbo wa la máa mọ̀.

Mo máa ń kó wọn gba orí afárá lọ sí Ìsàlẹ̀ Èkó, ká lè sọ̀rọ̀ ìbò àkọ́kọ́ sí ìgbìmọ̀ aṣòfin níbi tó ti ṣẹlẹ̀. Òfin ìpìlẹ̀ 1922, tí Gómìnà Hugh Clifford gbé kalẹ̀, fún Èkó ní àga 3 nínú ìgbìmọ̀ aṣòfin, Kàlàbá sì gba 1. Ní 1923, Herbert Macaulay àti àwọn alájọṣe rẹ̀ dá ẹgbẹ́ òṣèlú NNDP (Nigerian National Democratic Party) sílẹ̀, ẹgbẹ́ náà sì kó àga mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Macaulay fúnra rẹ̀ kò lè díje, torí ó ti ṣẹ̀wọ̀n rí. Àwọn wo ló wá dìbò? Ọkùnrin nìkan ni, ọkùnrin tí £100 ń wọlé fún lọ́dún. Ibí yìí ni mo ti máa ń dákẹ́, kí kálukú ro ti ìran tirẹ̀: baba ńlá rẹ tó ń wa ọkọ̀ ojú omi, ìyá ńlá rẹ tó ń tajà, ṣé wọ́n wà níbẹ̀?

Ní 1940, ìjọba ní kí obìnrin tí owó tó ń wọlé fún un lọ́dún bá ti ju £50 lọ máa san owó orí. Alimotu Pelewura, ìyá ẹlẹ́ja tó jẹ́ olórí àwọn obìnrin ọjà Èkó, kó àwọn ìyá jáde. Wọ́n ní àwọn tí kò lẹ́tọ̀ọ́ láti dìbò kò ní san owó orí. Ìjọba sún iye owó tó gbọ́dọ̀ máa wọlé fún obìnrin kó tó san owó orí sókè sí £200. Nínú gbogbo ohun tí mo ń kọ́ wọn, ìtàn yìí ni mo fẹ́ràn jù.

Ọjọ́ tí mo sọ ọ́, ọmọbìnrin kan tí ìyá rẹ̀ ń tajà ní Ìdúmọ̀tà nawọ́. "Sà, ìyá mi ń dìbò báyìí. Àwọn tó ń gba owó tíkẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ wọn láràárọ̀ ńkọ́, ta ló dìbò yàn wọ́n?"

Ìbéèrè náà gbé wa dé ọ̀rọ̀ káńsù, ìyẹn ìjọba ìbílẹ̀, torí ọ̀rọ̀ ọjà wà lára iṣẹ́ wọn. Ìjọba ìbílẹ̀ 20 ni ìwé òfin 1999 kà fún Ìpínlẹ̀ Èkó. Ní 2003, ìpínlẹ̀ fi káńsù tuntun 37 kún un. Ìjọba àpapọ̀ bínú, wọ́n di owó ìjọba ìbílẹ̀ mú. Ní December 2004, ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ ní Ààrẹ kò láṣẹ láti di owó náà mú, àmọ́ káńsù tuntun náà kò tíì fẹsẹ̀ múlẹ̀ lábẹ́ òfin títí ilé aṣòfin àpapọ̀ yóò fi fọwọ́ sí i. Títí dòní, 20 yẹn náà ló wà nínú ìwé òfin.



Ọmọbìnrin náà ti ń kó tíkẹ́ẹ̀tì ìyá rẹ̀ jọ láti ìgbà yẹn, ó ń lẹ̀ wọ́n mọ́ inú ìwé kan, ó ń kọ ọjọ́ àti orúkọ tó wà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan síbẹ̀. Orúkọ náà kò bára mu. Iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀ nìyẹn. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó ní òun kò tíì lè kọ orí kejì, torí òun kò tíì rí ẹni tó máa sọ ibi tí owó náà ń lọ fún òun. Mo fi ọ̀sẹ̀ 2 kún àkókò tí mo fún un.