Ìkòkò Kan, Ìròyìn Méjì

(Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn tó ń se oúnjẹ tà àti àwọn tó ń rà á sọ ní Àjàṣẹ́, ìyẹn Porto-Novo ní orílẹ̀-èdè Benin, lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé. Mo tún un kọ fún ẹ̀yin tí ẹ kò ráyè wá.)

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ kú ìkàlẹ̀. Kí n tó sọ ohunkóhun, ẹ jẹ́ kí n bi yín: ta ló ti jẹun rí ní ilé oúnjẹ ńlá yẹn, èyí tó ní ẹ̀ka níbí tó sì tún ní ẹ̀ka ní Kútọnu?

Mi ò dárúkọ rẹ̀, síbẹ̀ ọwọ́ tó nà sókè ju ogún lọ. Mo ní kí ẹni tí oúnjẹ ibẹ̀ tẹ́ lọ́rùn bọ́ sápá ọ̀tún, kí ẹni tí wọ́n bí nínú bọ́ sápá òsì. Gbọ̀ngàn pín sí méjì bí ìgbà tí ọ̀bẹ la ẹ̀kọ. Tọkọtaya kan tó jọ wọlé wá ń wo ara wọn láti ìhà kejì síra wọn, gbogbo èèyàn sì bú sẹ́rìn-ín.

Ọkọ ní, "Adìyẹ wọn gbóná, ó rọ̀. Ọmọ tó gbé e wá kúnlẹ̀ kí mi." Ìyàwó ní, "Ibẹ̀ náà ni mo jókòó sí títí ebi fi kú mọ́ mi nínú, tí wọ́n wá gbé ìrẹsì tútù síwájú mi."

Ta ló ń purọ́ nínú àwọn méjèèjì? Kò sí. Nígbà tí mo wádìí ọ̀rọ̀ lẹ́nu wọn, ọkọ lọ ní agogo mọ́kànlá àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ìyàwó lọ ní agogo kan ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, tí ṣọ́ọ̀ṣì ṣẹ̀ṣẹ̀ tú. Àkọlé kan náà ni wọ́n kà lẹ́nu ọ̀nà, ṣùgbọ́n ilé oúnjẹ méjì ni wọ́n wọ̀. Ohun tí mo wá sọ lónìí kò ju ìyẹn lọ: nígbà tí ẹ bá gbọ́ tí àwọn èèyàn ń sọ̀rọ̀ rere àti búburú nípa ilé oúnjẹ kan náà, ẹ kọ́kọ́ béèrè aago tí kálukú wọn dé ibẹ̀.

Ìlérí kan ṣoṣo ni ilé oúnjẹ ẹlẹ́ka púpọ̀ ń tà fún wa: pé bí ó ṣe rí lánàá ni yóò rí lónìí, bí ó ṣe rí ní Kútọnu ni yóò rí ní Àjàṣẹ́. Ìlérí náà kò kéré. Ní ọdún 1948, àwọn ọmọ ìyá méjì kan tí wọ́n ń jẹ́ McDonald, ní ìlú San Bernardino ní Amẹ́ríkà, ti ilé oúnjẹ wọn pa fún oṣù mélòó kan, bẹ́ẹ̀ owó ń wọlé fún wọn. Wọ́n dá àwọn agbáwo dúró. Wọ́n gé ìwé oúnjẹ wọn kù sí ohun mẹ́sàn-án péré. Nígbà tó yá, tí wọ́n fẹ́ kọ́ ilé tuntun, wọ́n fi ẹfun ya ilé ìdáná rẹ̀ sórí pápá tí wọ́n ti ń gbá tẹ́nísì, wọ́n ní kí àwọn òṣìṣẹ́ máa rìn nínú rẹ̀ bí ẹni tó ń dáná, kí wọ́n lè mọ ibi tí ẹnìkan yóò ti kọlu ẹnìkejì.  Ọdún 1955 ni oníṣòwò kan, Ray Kroc, bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ìlànà yẹn káàkiri.

Àwọn aládùúgbò wa ní Nàìjíríà náà gbìyànjú rẹ̀. Ọdún 1986 ni Mr Bigg's bẹ̀rẹ̀, ẹni tó bá sì máa ń gba Sẹ̀mẹ̀ lọ sí Èkó láyé ìgbà yẹn mọ mítì-páì rẹ̀ dáadáa.

Ibi tó ń dùn mí nìyí. Lọ́pọ̀ ibi tí mo ti jẹun lágbègbè wa, àkọlé tó ń tàn yanran ni wọ́n kọ́ lára àwọn ará Amẹ́ríkà wọ̀nyẹn, àti aṣọ tí òṣìṣẹ́ ń wọ̀. Wọn kò kọ́ gígé ìwé oúnjẹ kù. Ẹ ṣí ìwé oúnjẹ wọn: amiwo (àgbàdo tí wọ́n fi tòmátì rò) wà níbẹ̀, atasi (ìrẹsì àti ẹ̀wà) wà níbẹ̀, iyán, ẹ̀bà, pízà, adìyẹ díndín, ẹja yíyan, wàrà díndín. Ilé ìdáná kan, iná mẹ́rin. Ẹni tó pe atasi máa jẹun kíá, nítorí inú ìkòkò ló ti wà tẹ́lẹ̀. Ẹni tó pe iyán lórí tábìlì kan náà á máa gbọ́ ìró odó láti ọ̀ọ́kán, a sì ti kó àwo ẹnìkejì rẹ̀ kúrò nílẹ̀ kí tirẹ̀ tó dé. Bí ẹ bá fẹ́ rí ọmọ ilé ẹ̀kọ́ àwọn McDonald ní tòótọ́ ní Àjàṣẹ́ yìí, ẹ lọ wo ìyá alátasi tó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ọjà Wàndó. Oúnjẹ kan, ìkòkò kan, síbí kan, ata rẹ̀ lápá ọ̀tún, owó lábẹ́ ẹsẹ̀. Mi ò rí ibi tí ọwọ́ rẹ̀ ti kọlu ara wọn.

Ẹ jẹ́ ká wá bọ́ sórí ìdúró. Ará Denmark kan, Agner Krarup Erlang, tó ń ṣiṣẹ́ fún ilé iṣẹ́ tẹlifóònù ní Copenhagen, ló bẹ̀rẹ̀ ìṣirò bí èèyàn ṣe ń dúró pẹ́ tó lórí ìlà ní ọdún 1909. Ẹni tó ń pe tẹlifóònù ló ń rò, ṣùgbọ́n ẹni tí ebi ń pa kò yàtọ̀ sí i.

Ká ní ẹnìkan ṣoṣo ló ń gbowó. Bí a bá pín àkókò rẹ̀ dọ́gba, ìṣẹ́jú 2 ló ń lò lórí oníbàárà kan. Nítorí náà, ẹni 30 ló lè dá lóhùn ní wákàtí kan. Kálukú ń dé nígbà tó wù ú, ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn sì gùn ju ti ẹnìkejì lọ. Bí ẹni 20 bá ń wá ní wákàtí kọ̀ọ̀kan, oníbàárà á dúró fún bí ìṣẹ́jú 4 kó tó kàn án. Bí wọ́n bá di 25, ó di ìṣẹ́jú 10. Bí wọ́n bá di 28, tí ó sì ń bá a lọ bẹ́ẹ̀, ó di ìṣẹ́jú 28. Ẹ fi ẹnìkan kún un, kí ó di 29: ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé wákàtí kan.

Gbọ̀ngàn pa rọ́rọ́ níbí. Ìyá àgbà kan níwájú ní, "Ọmọ mi, ṣé ẹnìkan péré náà ló dá gbogbo ìyẹn sílẹ̀?" Mo ní, bẹ́ẹ̀ ni, màmá. Ìdí rẹ̀ ni pé àkókò kì í ṣe gàárì tí èèyàn lè bù pamọ́. Nígbà tí kò sí èrò, tí agbowó ń fọwọ́ lérán, ìṣẹ́jú yẹn ti lọ nìyẹn. Nígbà tí ẹni mẹ́rin bá wá dé pọ̀, kò níbi tó ti máa bù ú. Bí iṣẹ́ bá ti sún mọ́ ibi tí agbára òṣìṣẹ́ parí sí, díẹ̀ tó bá bọ́ lé e ló ń dà á nù.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ apá kejì. Ẹ fi agbowó kan kún ti tẹ́lẹ̀, kí àwọn èèyàn 28 náà tò sórí ìlà kan ṣoṣo, kí ẹni tó bá ṣíwájú máa lọ sọ́dọ̀ ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá ṣí. Ìṣẹ́jú 28 yẹn á wálẹ̀ sí ìdajì ìṣẹ́jú tàbí kó lé díẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ni ilé oúnjẹ, agbowó kejì yẹn kò ní láti jókòó láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Wákàtí méjì ọ̀sán ọjọ́ Àìkú ni mo ń bẹ̀bẹ̀ fún.

Ẹ̀yin oníbàárà náà ní ọgbọ́n tí ẹ lè dá. Ní ọdún 1961, ọ̀jọ̀gbọ́n ará Amẹ́ríkà kan, John Little, fìdí ìṣirò kan múlẹ̀ tí ọmọ kékeré lè ṣe lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ ka orí àwọn tó wà níwájú yín. Ẹ wo iye tí wọ́n dá lóhùn ní ìṣẹ́jú 5. Bí ẹni 12 bá wà níwájú, tí ẹni 2 sì rí oúnjẹ gbà ní ìṣẹ́jú 5, ìdajì wákàtí ni ẹ máa fi dúró. Ẹ lè padà sílé nígbà tí ẹsẹ̀ kò tíì máa ro yín.

Síbẹ̀, aago nìkan kọ́ ló ń bí èèyàn nínú. Onímọ̀ nípa iṣẹ́ òwò kan, David Maister, kọ ọ́ ní ọdún 1985 pé ìdúró tí a kò mọ ìdí rẹ̀ máa ń gùn lójú ẹni ju èyí tí wọ́n ṣàlàyé lọ, pé èyí tí ojúsàájú wà nínú rẹ̀ náà sì máa ń gùn lójú ẹni ju èyí tí kò sí ojúsàájú nínú rẹ̀ lọ. Kò yẹ kó ya Yorùbá lẹ́nu. Ní ilé oúnjẹ kan tí mo lọ lọ́dún tó kọjá, mo dúró pẹ́, mo gbà pé èrò ló pọ̀. Nígbà tó kù ẹnìkan ṣoṣo níwájú mi, alágbádá kan gba ẹ̀gbẹ́ wọlé, ó juwọ́, adìyẹ sì bá ẹnu ọ̀nà ìdáná jáde lọ bá a. Mo jẹ tèmi, ó dùn. Àmọ́ mi ò padà síbẹ̀ mọ́ títí di òní.

Ohun mìíràn wà tí àwọn ará Àjàṣẹ́ máa mọ̀. Bàbá àgbà kan wọlé, ó fi Yorùbá béèrè ohun tó wà nílẹ̀. Ọmọ tó wà nídìí tábìlì gbọ́ èdè Gùn, ó gbọ́ Yorùbá, ìyá rẹ̀ bí i sí ilé onílé gogoro lẹ́bàá mọ́ṣáláṣí. Faransé ló fi dáhùn, torí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe kọ́ ọ níbi iṣẹ́. Bàbá fi ìka tọ́ka sí àwòrán bí odi. Bí ọbẹ̀ yẹn bá fi oyin sè, ṣé bàbá máa sọ pé ó dùn?

Ọ̀rọ̀ ìrẹsì tútù, mi ò ní fi ṣeré. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé kí oúnjẹ sísè má ṣe wà nílẹ̀ lásán ju wákàtí 2 lọ, pé èyí tí a fẹ́ fi gbóná sílẹ̀ gbọ́dọ̀ gbóná ju ìwọ̀n 60 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́lísíọ́sì lọ. Kòkòrò kan wà nínú ìrẹsì tí sísè kì í pa tán, Bacillus cereus. Bí ìrẹsì bá wà ní lílọ́wọ́ọ́wọ́ fún ìgbà pípẹ́, ó ń pọ̀ sí i, ó sì lè tu májèlé tí gbígbóná lẹ́ẹ̀kejì kò lè mú kúrò. Ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà ọ̀run. Ẹ dá a padà, ẹ má tijú.

Ó ku owó wẹ́wẹ́. Ẹ jẹun tán, ẹ yó, ẹ mú 10,000 sefà sílẹ̀ fún oúnjẹ 3,500. Wọ́n ní kò sí ṣéńjì. Ọmọkùnrin kan bá sáré jáde lọ wá a lọ́dọ̀ ẹni tó ń ta epo bẹntiróòlù, ẹ sì dúró lẹ́nu ọ̀nà bí ẹni tó jẹ gbèsè. Ní ọdún 1993, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá kan, Daniel Kahneman, àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní kí àwọn èèyàn ti ọwọ́ bọ omi tútù. Lẹ́ẹ̀kan, wọ́n fi 60 ìṣẹ́jú àáyá dúró nínú rẹ̀. Lẹ́ẹ̀kejì, wọ́n dúró bákan náà, wọ́n sì fi 30 kún un nínú omi tí òtútù rẹ̀ dín díẹ̀. Nígbà tí wọ́n ní kí wọ́n yan èyí tí wọ́n máa tún ṣe, ọ̀pọ̀ yan èyí tó pẹ́ jù, torí ìparí rẹ̀ sàn díẹ̀. Ilé oúnjẹ tí kò kó owó wẹ́wẹ́ jọ láàárọ̀ ń fi ìparí ba gbogbo adìyẹ tó dín jẹ́.

Nígbà tí mo dákẹ́, ọ̀dọ́mọkùnrin agbáwo kan dìde. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, èmi ni wọ́n ń bú. Ẹni tó ń sè é wà lẹ́yìn ògiri, ẹni tó ni ibẹ̀ wà ní Kútọnu. Èmi ni ojú wọn rí." Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un ju èmi lọ.

Ìyàwó ọ̀gbẹ́ni ọjọ́ Ìṣẹ́gun ló sọ̀rọ̀ kẹ́yìn. Mo ti gbà á nímọ̀ràn pé kó jẹ́ kí ọkọ rẹ̀ mú un lọ ní agogo mọ́kànlá bíi tirẹ̀. Ó wò mí tìkà-tẹgbin.

"Aṣọ ni mò ń tà ní Wàndó," ló wí. "Ta ló máa bá mi jókòó ti igbá lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun? Ọjọ́ Àìkú nìkan ni mo ní."