Láptọ́ọ̀pù tó ń kú lójijì: ẹ bi í léèrè kí ẹ tó tú u

Ẹ káàbọ̀ o. Ṣọ́ọ̀bù wa nìyí ní Agbowó, lọ́ọ̀kánkán UI, n'Ìbàdàn. Ariwo tí ẹ ń gbọ́ yẹn, jẹnẹrétọ̀ àwọn tó ń ṣe fọ́tòkọ́pì lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ni, kò sí bí a ṣe fẹ́ ṣe é. Ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi ló di fóònù tí a fi ń ya fídíò yìí mú. Bí àwòrán bá ń gbọ̀n, òun ni kí ẹ bú.

Sún mọ́ ọn díẹ̀. Ẹ̀n-ẹ́n. Ẹ wo láptọ́ọ̀pù yìí. Ìyá kan tó jẹ́ olùkọ́ ló ni ín, láti Bódìjà ni wọ́n ti gbé e wá. Ẹ̀ẹ̀kẹta rèé tó ń wọ ṣọ́ọ̀bù mi lórí ọ̀rọ̀ kan náà: ó ń kú lójijì. Kì í lọ́ra, kì í kìlọ̀. Ìyá á máa tẹ máàkì àwọn ọmọ kíláàsì wọn sínú rẹ̀, ojú rẹ̀ á kàn ṣókùnkùn.

Nígbà àkọ́kọ́ tí wọ́n gbé e wá, bí mo ṣe gbọ́ "ó ń kú" báyìí, mo ti ní ooru ni. Mo fọ fáànù, mo gba owó mi. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì, ó padà. Mo bá pààrọ̀ RAM, káàdì tí kọ̀ǹpútà fi ń rántí ohun tó ń ṣe lọ́wọ́. Ó tún padà. Ojú tì mí. Láàárín ìgbà yẹn, ẹlòmíràn ti sọ fún ìyá pé bọ́ọ̀dù, pátákó inú rẹ̀ tí gbogbo nǹkan so mọ́, ló bàjẹ́, pé kí wọ́n lọ ra òmíràn. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́: tí a ò bá mọ ohun tó ń ṣe ẹ̀rọ, bọ́ọ̀dù la máa ń dá lẹ́bi.

Nítorí náà, lọ́tẹ̀ yìí mi ò fọwọ́ kan nọ́ọ̀tì kankan. Ìbéèrè ni mo kọ́kọ́ bi wọ́n. Nígbà wo ló ń kú? Ṣé orí iná ló wà ni àbí orí bátìrì? Ṣé fáànù ti ń pariwo tẹ́lẹ̀? Ṣé ẹnì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e nípò ni? Bó bá sì kú, ṣé ó máa ń tàn lẹ́sẹ̀ kan náà, àbí ó di ìgbà tó bá sinmi? Ìyá ò lè dáhùn méjì nínú ẹ̀. Mo ní kí wọ́n gbé e padà sílé, kí wọ́n máa kọ ọ́ sílẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin. Olùkọ́ ni wọ́n, wọ́n kọ ọ́ dáadáa. Ìwé náà nìyí, mo bo orúkọ wọn.

"Ọjọ́ Ajé, aago méje alẹ́ kọjá díẹ̀, mo wà lórí àga, ọmọ-ọmọ mi sáré kọjá. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, mo gbé e kúrò lórí itan sórí tábìlì. Ọjọ́rú, kò ṣe é. Ọjọ́bọ̀, wọ́n mú iná lọ, òun náà bá iná lọ."

Ṣé ẹ rí i? Kò sí ibì kankan tí wọ́n ti dárúkọ fáànù. Wáyà ni gbogbo rẹ̀. Ọmọ kọjá, wáyà mì. Wọ́n gbé e, wáyà mì. Ti Ọjọ́bọ̀ ló wá yé mi jù: láptọ́ọ̀pù tó ní bátìrì, kí ló ń bá iná lọ fún?

Ẹ jẹ́ ká wo inú Windows ná. Ẹ tẹ bọ́tìnì Windows àti X pọ̀, ẹ yan Event Viewer, ibi tí Windows ń kọ ohun tó bá ṣẹlẹ̀ sí i sí, ẹ ṣí Windows Logs, lẹ́yìn náà System. Ẹ wo àmì pupa yìí: Kernel-Power, nọ́ńbà 41. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń rí 41, wọ́n á ní àwọn ti rí àrùn. Rárá o. Ohun tí 41 ń sọ ni pé ẹ̀rọ yìí kú láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pa á bó ṣe yẹ. Ó dà bí ẹni tó bá òkú lójú títì: ó kọ aago sílẹ̀, kò mọ ohun tó pa á. Aago tí ẹ̀rọ tàn padà ni, ṣùgbọ́n ó wúlò. Ẹ wò ó, Ọjọ́ Ajé, aago méje kọjá ìṣẹ́jú mẹ́rìnlá. Ó bá ìwé ìyá mu.

Ó kan bátìrì. Ẹ ṣí Command Prompt, ojú dúdú tí a ń tẹ àṣẹ sí, ẹ tẹ powercfg, ẹ fi àyè kan sílẹ̀, ẹ fa ìlà yìí /, kí ẹ wá tẹ batteryreport pọ̀ mọ́ ọn láìsí àyè. Ẹ tẹ Enter. Ó máa sọ ibi tó tọ́jú fáìlì náà sí, ẹ fi Chrome tàbí Edge ṣí i. Ìlà méjì péré ni mo fẹ́ kí ẹ wò. Design Capacity ni agbára tí wọ́n ṣe bátìrì náà láti ní: 41,440 mWh. Full Charge Capacity ni èyí tó lè gbà lónìí: 5,180. Ẹ pín in. Ìdá kan nínú mẹ́jọ ló kù!

Ìyá sì ń sọ fún mi pé, "Ṣùgbọ́n ó ń kọ 100% sí mi o." Òótọ́ ni, ó ń kọ ọ́. Ife kékeré náà máa ń kún. Ọgọ́rùn-ún tí Windows ń sọ, ọgọ́rùn-ún nínú èyí tó ṣẹ́kù ni. Ẹ̀yin tí ẹ ń ra tòkunbọ̀, kí ẹ tó kówó sílẹ̀ ní Queen Cinema tàbí ní Ìwó Road, ẹ ní kí wọ́n jẹ́ kí ẹ ṣe batteryreport yìí níwájú wọn. Kò gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ. Ẹni tó bá ní kò sáyè, ẹ ní ẹ dúpẹ́.

Bátìrì ti kú tán, ìyẹn dájú: ti Ọjọ́bọ̀ ti fi hàn pé ìwọ̀nba tó ṣẹ́kù kò lè gbé ẹ̀rọ dúró. Ṣùgbọ́n bátìrì tó kú nìkan kò lè pa á nígbà tí ṣájà wà nídìí rẹ̀. Ohun kan tún ń já ṣájà náà.

Mítà tí a fi ń wọn iná rèé. Ẹ gbé e sí DC, kì í ṣe AC, ẹ fi sí 200V. Ara ṣájà kọ 19.5V. Ẹ ki ẹnu pupa bọ inú ihò orí ṣájà, ẹ fi dúdú kan ìta. Ṣájà yìí ní abẹ́rẹ́ tín-ín-rín láàárín. Ìyẹn kọ́ ló ń gbé agbára wá, òun ni kọ̀ǹpútà fi ń dá ṣájà mọ̀, ẹ má fọwọ́ kàn án. Ẹ má sì jẹ́ kí pupa kan inú àti ìta pọ̀, ó máa tanná ṣá. Ó dáa. 19.4. Mo ń lọ́ ọrùn wáyà báyìí… mo ń lọ́ ọ… nọ́ńbà ò yẹ̀. Ṣájà mọ́.

Ẹ wá wò ó lára ẹ̀rọ. Mo ti yọ bátìrì, ṣájà nìkan ló gbé e dúró. Ó tàn. Mo fi ìka kan ti orí ṣájà sókè díẹ̀. Ẹ wo iná kékeré ẹ̀gbẹ́ yẹn. Ó ṣẹ́jú. Mo tún ti í lẹ́ẹ̀kan sí i… ó kú. Ẹ rí i báyìí? A ti mú un.

Àwọn méjì ló ń bò ara wọn láṣìírí. Ihò ṣájà, ìyẹn ihò ara ẹ̀rọ tí a ń ki ṣájà bọ̀, ń já, ṣùgbọ́n ká ní bátìrì le ni, ìyá ò ní mọ̀ rárá. Nígbà tí mo sì gbé e sórí tábìlì níbí lọ́jọ́ kìíní, kò sẹ́ni tó mì wáyà. Ó ṣiṣẹ́ látàárọ̀ dalẹ́, mo ní ó ti dáa.

A fẹ́ tú u. Kí ẹ tó tú ohunkóhun, ẹ da àwọn fáìlì yín kọ sórí flash tàbí hard disk mìíràn. Ẹ pa á, ẹ yọ ṣájà, ẹ yọ bátìrì, kí ẹ tẹ bọ́tìnì ìtanná mọ́lẹ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú àáyá kí iná tó ṣẹ́kù nínú rẹ̀ lè ṣàn dànù. Bí bátìrì yín bá ti wú bíi búrẹ́dì, ẹ dúró níbẹ̀. Ẹ má fi nǹkan ẹlẹ́nu ṣóńṣó gún un, ẹ má tẹ̀ ẹ́, ẹ gbé e lọ bá ẹni tó mọ̀ ọ́n. Ẹ fọwọ́ kan irin kan kí ẹ tó fọwọ́ kan bọ́ọ̀dù, pàápàá lásìkò ọyẹ́ tí ara wa máa ń kó iná jọ.

Ẹ wo bébà tí mo tẹ́ sílẹ̀ yìí. Mo ya àwòrán ìdí láptọ́ọ̀pù sí i, ibi tí mo bá ti yọ nọ́ọ̀tì ni mo ń lẹ̀ ẹ́ mọ́. Nọ́ọ̀tì wọn ò gùn dọ́gba. Bí ẹ bá fi èyí tó gùn sí ojú ihò tó kúrú, ó lè gún bọ́ọ̀dù, nígbà náà ni ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀dù yóò wá di òótọ́. Mọ́kànlá ni mo yọ. Káàdì ATM tó ti ṣíwọ́ iṣẹ́ ni mo fi ń ṣí etí rẹ̀, irin máa ń dá a lápá.

Sún mọ́ ibí yìí. Gbé tọ́ọ̀ṣì síbẹ̀. Ẹ wo ẹsẹ̀ ihò ṣájà níbi tí wọ́n ti fi lẹ́ẹ̀dì, òjé tí a ń yọ́, jó o mọ́ bọ́ọ̀dù. Ti ọ̀tún ń dán. Ti òsì ṣú, ilà tín-ín-rín kan sì yí i ká bí òrùka. Ilà yẹn ni. Ẹsẹ̀ náà ò dì mọ́ lẹ́ẹ̀dì mọ́, ó kàn ń fara kàn án ni. Bí wáyà bá mì, ó yẹ̀. Lára àwọn mìíràn, ihò ṣájà wà lórí wáyà tiẹ̀, ẹ óò kàn yọ ọ́, ẹ óò fi tuntun sí i, ó tán. Ti èyí wà lórí bọ́ọ̀dù, jíjó ló kù. Áyọ́ọ̀nù tí mo fi ń jó lẹ́ẹ̀dì wà ní 350°C. Mo fi flux, oògùn tó ń jẹ́ kí lẹ́ẹ̀dì dì mọ́ dáadáa, síbẹ̀, mo fi lẹ́ẹ̀dì tuntun díẹ̀ sórí ti àtijọ́ kó lè yọ́, mo fa gbogbo rẹ̀ kúrò, mo wá jó òmíràn. Bí ẹ kò bá tíì jó lẹ́ẹ̀dì rí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi láptọ́ọ̀pù ìyá onílé kọ́ṣẹ́.

Níwọ̀n bó ti wà ní títú sílẹ̀, ẹ jẹ́ kí n fi hàn yín bí ooru gan-an ṣe ń ṣe, nítorí òun náà ń pa ẹ̀rọ. Ti ooru kì í ṣe bíi ti ìyá yìí. Fáànù á kọ́kọ́ pariwo, ìdí ẹ̀rọ á gbóná mọ́ itan, ìgbà tí iṣẹ́ bá wúwo ló máa kú, bí ẹ bá sì tàn án padà lójú ẹsẹ̀, kò ní pẹ́ tó tún fi kú. HWMonitor, ètò kan tí ẹ lè fi sórí Windows, máa fi hàn yín bí ó ti gbóná tó. Bó bá ti ń sún mọ́ 100°C, òun nìyẹn. Ibi tí eruku ń pamọ́ sí kì í ṣe ara fáànù o, àárín fáànù àti irin tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ yìí ni. Nínú láptọ́ọ̀pù akẹ́kọ̀ọ́ kan tó máa ń lò ó lórí ìrọ̀rí, bí òwú ni mo ṣe ká a jáde. Bí ẹ bá ń fi atẹ́gùn fẹ́ eruku náà dànù, ẹ fi igi ìtayín di fáànù mú kó má yí, ìyíkúyìí máa ń bà á jẹ́. Ẹ nu thermal paste, ìpara tó ń gbé ooru láti ara ọpọlọ kọ̀ǹpútà lọ sára irin ìtutù, tó ti gbẹ kúrò pẹ̀lú spirit, ẹ fi tuntun sí i, kó má ju ìdajì hóró ẹ̀wà lọ.

Àwọn yòókù, kíákíá. Bó bá tàn tí ojú rẹ̀ dúdú tàbí tó ń ké píì-píì, RAM ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí: ẹ yọ ọ́, ẹ fi ìpàwérẹ́ nu ojú góòlù rẹ̀, ẹ dá wọn padà lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ fi ọ̀kọ̀ọ̀kan dán ihò méjèèjì wò. Ojú tó ń ṣẹ́jú bí ẹ ṣe ń ṣí ìdérí, wáyà ọrùn rẹ̀ ni; ẹ fi wáyà HDMI so ó mọ́ tẹlifíṣọ̀n, bí ti tẹlifíṣọ̀n kò bá ṣẹ́jú, ó dájú. Déètì tó ń padà sẹ́yìn ní gbogbo ìgbà, bátìrì kékeré CR2032 ni lára ọ̀pọ̀ wọn, 3V. Hard disk tó ń dún kẹ́-kẹ́-kẹ́, ẹ má ṣàyẹ̀wò kankan, ẹ kó fáìlì yín jáde ná.

Ẹ sì jẹ́ kó jẹ́ ohun kan ni ẹ ó máa pààrọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Lọ́jọ́ tí mo fọ fáànù ìyá, mo tún Windows ṣe lọ́jọ́ kan náà. Ká ní ó gbádùn ni, mi ò bá má mọ èyí tó wò ó sàn.

Ó ti tutù. Mo dá a padà, nọ́ọ̀tì mọ́kànlá, ẹ kà á pẹ̀lú mi… mọ́kànlá. Mi ò tíì fi bátìrì tuntun sí i. Ṣájà nìkan. Mo ṣí fídíò kan sójú rẹ̀. Mo ń ti orí ṣájà sókè, sísàlẹ̀, sí ẹ̀gbẹ́. Iná ò ṣẹ́jú. Mo gbé e sókè, mo gbé e rìn dé ẹnu ọ̀nà bí wáyà ti gùn tó. Kò ṣẹ́jú. A máa fi í sílẹ̀ báyìí di alẹ́, kí n tó wá fi bátìrì sí i.

Mo ti pe ìyá. Wọ́n ní ṣé kò ní padà wá báyìí. Mo ní, "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gba ẹ̀yìn àga fa wáyà yẹn, kí ọmọ yéé fò ó kọjá." Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ọmọ náà ti fọ́ tẹlifíṣọ̀n.