Ọmọ Tí Wọ́n Ní Kó Lọ Kọ́ Ọ̀gbìn ní Yunifásítì

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin òbí wa. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ kú ìmúra ìdánwò.

Mo mọ̀ pé ìmọ̀ ìṣègùn òyìnbó ni púpọ̀ nínú yín kọ sí ipò kìíní nínú fọ́ọ̀mù JAMB. Mo sì mọ̀ pé nígbà tí ìwé ìgbaniwọlé bá jáde, ìmọ̀ ewéko àti ọ̀gbìn ni wọn yóò fún àwọn kan. Ilé á pa lọ́lọ́ lọ́jọ́ náà. Bàbá á ní, "Ṣé kí o lè wá máa ro oko ni mo ṣe ń san owó ilé ìwé?" Èmi náà ti gbọ́ ọ rí. Ìbéèrè yẹn ló gbé mi wá síbí.

Ẹ wo ìtàkùn iṣu méjì tó wà lórí tábìlì yìí. Ẹ fọwọ́ pa èyí àkọ́kọ́: igun mẹ́rin ló ní, etí igun náà sì fẹ́lẹ́ bí ìyẹ́ kòkòrò. Ewùrà nìyẹn. Èkejì ní ẹ̀gún, ewé rẹ̀ sì pín sí mẹ́ta-mẹ́ta. Èsúrú ni. Ẹ tún wo bí wọ́n ṣe lọ́ mọ́ ọ̀pá: ewùrà gba ọ̀tún, èsúrú gba òsì. Àgbẹ̀ tí kò wọ ilé ìwé rí á dá méjèèjì mọ̀ nínú òkùnkùn. Yunifásítì ò ní ìyẹn láti kọ́ ọ. Ibi tí iṣẹ́ rẹ̀ parí sí ni ti àwa onímọ̀ ọ̀gbìn ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀bu ni àgbẹ̀ ń gbìn, nítorí náà òdòdó iṣu kò kàn án. Ẹni tó bá fẹ́ mú irú iṣu tuntun jáde, òdòdó yẹn gan-an ló máa ń lé kiri. Iṣu ní akọ, ó ní abo, orí ìtàkùn ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n sì wà. Akọ lè tanná kí abo tó múra, òmíràn kì í tilẹ̀ tanná rárá. Olùwádìí á wá dúró sínú oko bí alárinà tó mú ìyàwó wá, tí kò bá ọkọ nílé.

Ẹ jẹ́ ká bọ́ sórí àpò ajílẹ̀. 15-15-15 ni wọ́n kọ sí i lára, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì rò pé orúkọ ọjà ni. Oúnjẹ ewéko mẹ́ta ló ń tọ́ka sí: nínú kìlò 100, náítírójìn kó 15, fọ́sífẹ́ẹ̀tì kó 15, pọ́táàṣì kó 15. Àpò kìlò 50 á jẹ́ kìlò 7.5 náítírójìn péré. Bí hẹ́kítà kan bá nílò kìlò 60 náítírójìn, àpò 8 nìyẹn. Yúríà, ajílẹ̀ mìíràn tó jẹ́ náítírójìn nìkan ló ń fún ilẹ̀, tí nọ́ńbà tirẹ̀ jẹ́ 46, ní kìlò 23 nínú irú àpò bẹ́ẹ̀. Àpò 3 á tó, á sì tún ṣẹ́kù. Ṣùgbọ́n bí fọ́sífẹ́ẹ̀tì ni ilẹ̀ náà ń wá, yúríà ò ní fún un ní ẹyọ kan. Nítorí náà, a máa ń yẹ ilẹ̀ wò ká tó náwó. Ẹ̀yin tí ẹ ń bínú pé JAMB ń béèrè kẹ́mísírì, ẹ ti rí i.

Ọdún 5 ni ẹ̀kọ́ náà, ó wà ní Ìbàdàn, ní Ifẹ̀, ní Ìlọrin, àti ní yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ sí Abẹ́òkúta ní 1988. Inú oko ni wọ́n ti ń lo ọdún kẹrin. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń sunkún ọdún yẹn. Lójú tèmi, òun ló dára jù nínú márùn-ún.

Bàbá kan bi mí rí bóyá iṣẹ́ wa ju ọkọ́ àti àdá lọ, ìtàn ẹ̀gẹ́ ni mo sọ fún un. Ní àwọn ọdún 1970, kòkòrò kan tó dà bíi pé wọ́n da ìyẹ̀fun lé lórí wọ Áfíríkà láti Gúúsù Amẹ́ríkà, níbi tí ẹ̀gẹ́ fúnra rẹ̀ ti wá. Ó ń fa omi ọ̀mùnú ẹ̀gẹ́, ewé á lọ́ jọ, igi á ràn. Kò sí ohun tó ń pa á jẹ níbí, nítorí ọ̀tá rẹ̀ kò bá a wọkọ̀. Hans Herren, onímọ̀ nípa kòkòrò, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà ní Ìbàdàn, kò gbójú lé oògùn fífín. Ọ̀tá yẹn ni wọ́n wá. Paraguay ni wọ́n ti mú un wá, agbọ́n kíún kan tó ń yé ẹyin sínú ara kòkòrò náà. Ọmọ rẹ̀ á máa jẹ ẹ́ láti inú wá síta. Ní 1981 wọ́n tú agbọ́n náà sílẹ̀ ní Nàìjíríà, lẹ́yìn náà ní orílẹ̀-èdè mìíràn lọ bẹẹrẹ. Ẹ̀gẹ́ padà yọ ewé. Ní 1995 wọ́n fún Herren ní World Food Prize, ẹ̀bùn àgbáyé fún àwọn tó ń mú kí oúnjẹ pọ̀ sí i. Kò sí ọkọ́ tó lè lé kòkòrò yẹn lọ, bàbá náà sì gbà fún mi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ṣì bi mí iye tí agbọ́n náà ń gbà lóṣù.

Mo ti sọ̀rọ̀ tó. Ẹni tó bá fẹ́ fọwọ́ kan ìtàkùn méjèèjì, kó máa bọ̀ níwájú. Ẹ rọra mú èsúrú o, ẹ̀gún rẹ̀ mú.