Màámi Ló Pa Á

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin èèyàn mi. Bí ẹ bá ń gbọ́ tó-tó-tó lẹ́yìn mi, òjò Manchester ni, ẹ má bínú. Òjò Ìbàdàn á jà, á rọ̀, á dá. Ti ibí á kàn máa sẹ̀ ṣáá bí ẹni tó ń ráhùn.

Ọ̀rọ̀ ìrọbí ni mo gbé wá lónìí. Ẹ̀yin ọkùnrin, ẹ má sá lọ o! Ẹ jókòó, ẹ̀yin lẹ dá a sílẹ̀. Haha!

Ọdún 2016 ni, mo wálé wá bí àkọ́bí mi ní Ìbàdàn. Bí a ṣe gba káàdì ilé ìwòsàn, ẹrù tí wọ́n ní ká rà wá, gbogbo ìyẹn lẹ mọ̀, ẹ jẹ́ ká fò ó. Òru ni ó mú mi. Micra la wọ̀ láti Òkè Àdó, màámi jókòó tì mí, wọ́n ń gbàdúrà títí a fi débẹ̀. Nígbà tí mo ti gorí bẹ́ẹ̀dì tán, mo yọ fóònù mi, mo fi Barrister sí i. Síkírù Àyìndé, olórin fújì, ọmọ Ìbàdàn.

Ẹni tó bá mọ bàbá mi, kò ní yà á lẹ́nu. Kí Ọlọ́run dẹlẹ̀ fún wọn, Peugeot 504 wọn kì í gbéra láìsí kásẹ́ẹ̀tì. Láti Bẹẹrẹ dé Dùgbẹ̀, wọ́n á máa lé orin, èmi á máa gbè é lẹ́yìn. Ọdún tó ṣáájú ìbímọ yẹn ni wọ́n kú. Màámi kó gbogbo kásẹ́ẹ̀tì yẹn sínú páálí, wọ́n gbé e fún ẹnì kan. N ò tíì mọ ẹni náà títí dòní.

Ẹ̀yin tí ẹ ti bí rí mọ̀ pé ńṣe ni ìrora yẹn máa ń wá bí ìgbì, á ru sókè, á tún rọlẹ̀. Bó bá ti ń bọ̀, mo di ìlù mú. Ìlù á sọ, èmi á mí. Ẹ gbọ́ o, kò mú ìrora kúrò! Ẹni tó bá ní orin máa ń mú un kúrò, irọ́ ló ń pa. Mo ṣáà rí ohun tí mo lè gbá mú ni. Nọ́ọ̀sì pàápàá ń fẹsẹ̀ gbọ́ ọ.

Màámi bá na ọwọ́, wọ́n pa á.

Wọn ò pariwo. Wọ́n ní, "Ibi àríyá kọ́ lèyí." Wọ́n sì ki fóònù mi bọ àpò wọn.

Ẹ jẹ́ kí n mí ná.

Ìdákẹ́ yẹn... fáànù ń dún kíríkírí, obìnrin kan ń ké lẹ́yìn aṣọ tí wọ́n ta. Ìgbì tó tẹ̀ lé e bá mi lọ́wọ́ òfìfo. Mo bú sẹ́kún. Nọ́ọ̀sì ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́ ìyá, ó kù díẹ̀." Ó rò pé ìrora ìrọbí ló ń pa mí lẹ́kún.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan ti ń sọ ọ́ níbi tó jókòó sí: "Màmá ẹ ló jàre! Ẹni tó wà láàárín ikú àti ìyè, ṣé fújì ló yẹ kó máa gbọ́? Orin ẹ̀mí ńkọ́?" Ó dáa. Níbo ni fújì ti wá? Ṣé inú ọtí ni? Inú wéré ni! Àwọn ọmọkùnrin tó ń kọrin kiri lóru Rámádàánì, tí wọ́n ń jí èèyàn sí sàárì, àwọn ló bí i. Láti kékeré ni Barrister ti ń kọ wéré. Orúkọ fújì yẹn nìkan ló jìnnà wá, òun fúnra rẹ̀ ló sọ pé ara àwòrán òkè kan ní Jàpáàní ni òun ti rí i. Orin tí wọ́n fi ń jí èèyàn dìde kó lè jẹun kó tó gbààwẹ̀, ẹ ní kò yẹ kí n fi bímọ? Ẹ ṣì ń jiyàn? Ta ló sọ fún yín pé obìnrin ń rọbí nínú ìdákẹ́ nílẹ̀ Yorùbá? Ṣé ìyá ìyá yín ò ní kì yín ní? Bí wọ́n bá ki èèyàn, tí orí rẹ̀ wú, kí ni wọ́n ṣe fún un? Oríkì ilé tèmi, inú mọ́tò bàbá mi ló wà!

Ẹ̀yin tí ẹ ní ariwo ò dáa fún ọmọ, ọmọ inú ti ń gbọ́ ohùn láti nǹkan bí oṣù kẹfà. Tèmi ti mọ Barrister kó tó mọ̀ mí lójú. Haha! Ẹ jọ̀wọ́.

Nígbà tí mo bí èkejì níbí, agbẹ̀bí fúnra rẹ̀ ló bi mí pé orin wo ni mo fẹ́, ó kọ ọ́ sínú ìwé. Ó ní bí ẹ̀rù bá ń ba obìnrin, iṣẹ́ ìrọbí lè falẹ̀, kí n mú ohunkóhun tó bá ń fi mí lọ́kàn balẹ̀ wá. Òyìnbó ni, kò gbọ́ ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀, ó ń mi orí. Àmọ́ ṣé ẹ mọ̀ pé títí ọmọ yẹn fi jáde, ọwọ́ tó máa pa orin náà ni mo ń wò kiri?

Ti Ìbàdàn yẹn, irin bẹ́ẹ̀dì ni mo fọwọ́ lù títí. Nọ́ọ̀sì ní, "Ìyá, ẹ má ba bẹ́ẹ̀dì jẹ́ fún wa o!" Bí ọmọ ṣe dé nìyẹn. A gbóhùn ìyá, a gbóhùn ọmọ.

Ó tó ọjọ́ mẹ́wàá lẹ́yìn náà. Màámi ń wẹ ọmọ lẹ́yìnkùlé, wọ́n ti fi òrí pa á, wọ́n ń na apá rẹ̀, wọ́n ń na ẹsẹ̀ rẹ̀. Mo ń gbé omi gbígbóná bọ̀. Mo gbọ́ tí wọ́n ń kùn. Mo kọ́kọ́ rò pé orin ṣọ́ọ̀ṣì ni. Mo dúró. Ibi tí bàbá mi máa ń dá kásẹ́ẹ̀tì padà sí gan-an ni wọ́n wà. Wọn ò fo ọ̀rọ̀ kan.

N ò jáde sí wọn. Omi yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tutù tán lọ́wọ́ mi.