Ọmọ-ọ̀dọ̀ Kan Ló Borí Ẹni Tó Fa Idà Yọ

Ẹ̀yin ará, ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti alẹ́ ọjọ́ tí wọ́n wá mú Jésù. Àwọn ọmọ ogun wọ inú ọgbà tàwọn ti ògùṣọ̀ àti ohun ìjà. Pétérù fa idà yọ, ó gé etí ọ̀tún Málíkù, ìránṣẹ́ olórí àlùfáà, dànù. Ta ló máa pe irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ ní ojo? Ṣùgbọ́n kí àkùkọ tó kọ, níbi tí wọ́n ti ń yáná nínú àgbàlá, ọmọ-ọ̀dọ̀bìnrin kan tẹjú mọ́ ọn, ó ní ọkùnrin yìí náà wà pẹ̀lú Jésù. Ọmọbìnrin náà kò mú idà dání, kò sì halẹ̀. Pétérù ní òun ò mọ Jésù rí.

Àwọn àgbà ní ogun àwítẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Wọ́n sì wí ti Pétérù tẹ́lẹ̀ fún un. Ohun tó ṣe é ni pé ogun tó ń retí kọ́ ló dé. Ó ti múra fún idà, kò múra fún ojú táwọn èèyàn máa fi wò ó.

Ẹ tún wo ibi tó jókòó sí. Lúùkù ní òkèèrè ló ti ń tẹ̀ lé wọn, ó wá jókòó sáàárín àwọn tó ń yáná bí ẹni pé ara wọn ni. Lójú tèmi, ibẹ̀ gan-an ni ìṣubú náà ti bẹ̀rẹ̀, kí ọmọbìnrin yẹn tó la ẹnu. Ẹni tó bá dé ibi iṣẹ́ tuntun, tó fi oṣù mẹ́fà rẹ́rìn-ín sí gbogbo ẹ̀fẹ̀ tí wọ́n ń fi Olúwa rẹ̀ ṣe, lọ́jọ́ tó bá fẹ́ jẹ́wọ́, yóò ní láti ṣàlàyé ẹ̀rín oṣù mẹ́fà pẹ̀lú. Ọjọ́ kìíní ló rọrùn jù. “Kristẹni ni mí, mi ò lè bá yín rẹ́rìn-ín sí ìyẹn.” Ó tó. Kí ẹ máa bá iṣẹ́ yín lọ.

Ẹ̀fẹ̀ kì í ṣe nǹkan tuntun. Lọ́dún 1857, wọ́n rí àwòrán kan tí wọ́n ha sára ògiri lórí Òkè Palatine nílùú Róòmù. Ẹni tó ní orí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ló wà lórí àgbélébùú, ọkùnrin kan sì gbé ọwọ́ sókè sí i. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ lédè Gíríìkì pé Alexamenos ń sin ọlọ́run rẹ̀. Nínú yàrá mìíràn nílé yẹn kan náà, wọ́n rí gbólóhùn mìíràn tí wọ́n ha sára ògiri, lédè Látìn lọ́tẹ̀ yìí: Alexamenos, olóòótọ́. Kò sí èébú kankan tí wọ́n fi dáhùn èébú. Ká ní àwa ni, à bá ti kún ògiri náà látòkè délẹ̀!

Ti ìhalẹ̀ wá ńkọ́? Ní ọ̀rúndún kejì, nígbà inúnibíni sí àwọn Kristẹni nílùú Smyrna, tó wà ní ilẹ̀ Tọ́kì òde òní, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Quintus fúnra rẹ̀ lọ fa ara rẹ̀ lé àwọn aláṣẹ lọ́wọ́, ó sì fa àwọn mìíràn mọ́ra. Nígbà tó fojú kan àwọn ẹranko ẹhànnà tí wọ́n fi ń pa àwọn Kristẹni, ẹ̀rù bà á, ó búra, ó sì rúbọ sí òrìṣà. Polycarp, bíṣọ́ọ̀bù ìlú náà, gbà fún àwọn èèyàn rẹ̀ láti sá lọ fara pa mọ́ sí oko, ó sì ń gbàdúrà tọ̀sán-tòru. Nígbà tí wọ́n rí i, ó ní kí wọ́n gbé oúnjẹ fún àwọn tó wá mú un. Wọ́n ní kó bú Kristi, ó ní ọdún 86 lòun ti fi sìn ín, kò ṣe òun ní ibi kankan rí. Ẹni tó sá ló dúró. Jésù fúnra rẹ̀ sọ pé tí wọ́n bá ń lé wa ní ìlú kan, ká sá lọ sí òmíràn, apẹ̀rẹ̀ ni wọ́n sì fi sọ Pọ́ọ̀lù kalẹ̀ lára odi Damásíkù. Nítorí náà, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìtìjú bo ẹni tó sá fún ẹ̀mí rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí a kì í fẹ́ gbọ́. Pétérù kan náà yìí, nígbà tó dàgbà, kọ ọ́ pé ká má ṣe jìyà bí olè tàbí bí atojúbọ̀ràn. Ẹni tí ọ̀gá rẹ̀ bá wí nítorí pé ó ń fi àkókò iṣẹ́ wàásù, inúnibíni kọ́ nìyẹn. Òun náà ló ní ká múra tán láti sọ ìdí ìrètí wa fún ẹni tó bá béèrè, pẹ̀lú ìwà tútù. Ẹni tó gé etí ló ń sọ bẹ́ẹ̀! Ìwà tútù tó ń wí yìí sì gba ìmúra ju idà lọ: kéèyàn mọ ohun tó gbà gbọ́ débi tó fi lè sọ ọ́ lọ́rọ̀ ara rẹ̀.

Bóyá ẹnì kan ń sọ nínú ọkàn rẹ̀ pé, “Èmi tí mo ti sẹ́ ẹ ná ńkọ́?” Jòhánù mẹ́nu kan iná ẹ̀ẹ́dú nígbà méjì péré. Àkọ́kọ́ ni èyí tí Pétérù yá nínú àgbàlá. Ìkejì wà létí òkun, lẹ́yìn àjíǹde. Jésù ló dá a, ó sun ẹja lórí rẹ̀, ó sì pè wọ́n pé kí wọ́n wá jẹun. Lẹ́yìn oúnjẹ, kò béèrè idà lọ́wọ́ Pétérù, kò sì dárúkọ ọmọ-ọ̀dọ̀ yẹn. Ó bi í ní ẹ̀ẹ̀mẹta bóyá ó fẹ́ràn òun.