Iṣẹ́ ẹni tó ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹṣin

Ẹ wo ọwọ́ yẹn dáadáa. Ọwọ́ àgbàlagbà ni. Ó gbé apá lé itan ọmọ tó wà lórí ẹṣin, ó sì di iwájú gàárì mú. Kò tẹ ọmọ náà mọ́lẹ̀, kò sì fà á. Ọwọ́ yẹn ni mo fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀.

Ẹ káàbọ̀ o. Tí wọ́n bá ní kí èèyàn wa kan wá yọ̀ǹda ara rẹ̀ lọ́jọ́ tí àwọn ọmọ tó ń ṣàìsàn líle máa gun ẹṣin, ohun tó máa kọ́kọ́ sọ ni pé, “Èmi tí mi ò gẹṣin rí!” Ta ló ní kẹ́ ẹ gùn ún? Ní Ìlú Ọba níbí, láti ọdún 1969 ni ẹgbẹ́ Riding for the Disabled Association ti ń gbé àwọn akanda ẹ̀dá gun ẹṣin, àwọn tó ń yọ̀ǹda ara wọn ló sì gbé iṣẹ́ náà ró. Ẹsẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wọn fi ń rìn.

Kí ló wá dé tó jẹ́ ẹṣin? Àwọn àgbà ní ẹni tó gẹṣin, tó lóun ò ní ju ìpàkọ́, ẹṣin tó gùn ló máa kọ́ ọ. Bọ́rọ̀ ṣe rí gẹ́lẹ́ nìyẹn. Bí ẹṣin bá ń rìn jẹ́jẹ́, ó máa ń mi ìbàdí ẹni tó gùn ún síwá sẹ́yìn, sọ́tùn-ún sósì, bí ìgbà téèyàn ń fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn. Ọmọ tó ti pẹ́ lórí bẹ́ẹ̀dì á bẹ̀rẹ̀ sí í na ẹ̀yìn rẹ̀ ró láìjẹ́ pé ẹnì kan pàṣẹ fún un. Obìnrin ará Dẹ́ńmáàkì kan wà, Lis Hartel. Àrùn rọpárọsẹ̀ mú un lọ́dún 1944, ẹsẹ̀ rẹ̀ ò ṣiṣẹ́ mọ́ láti orúnkún sísàlẹ̀, wọ́n máa ń ràn án lọ́wọ́ kó tó lè gun ẹṣin ni. Síbẹ̀, ó gba àmì ẹ̀yẹ fàdákà níbi ìdíje Òlíńpíìkì ọdún 1952 ní Helsinki. Ṣùgbọ́n ẹṣin kì í wo jẹjẹrẹ sàn o. Ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀ fún yín, irọ́ ló ń pa.

Ohun tó wà lọ́kàn tèmi yàtọ̀ síyẹn. Dókítà ń gún ọmọ yìí lábẹ́rẹ́, nọ́ọ̀sì ń yí i sọ́tùn-ún sósì, ìyá rẹ̀ ń bẹ̀ ẹ́ kó jẹun. Lónìí, òun ló máa sọ fún ẹranko gàgàrà pé, “Ó yá, máa lọ,” ẹranko náà á sì lọ.

Ẹ̀yin mẹ́ta lẹ máa wà nídìí ẹṣin kan. Ẹni tó ń fà á, ojú rẹ̀ á wà lára ẹṣin. Ẹ̀yin méjì tó kù, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, ọmọ ni kẹ́ ẹ máa wò. Ẹ má fara ti ẹṣin, torí ó lè rò pé ńṣe lẹ ní kóun sún. Ẹ má jọ máa bá ọmọ náà sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Apá á ro yín, mo ti sọ fún yín. Tó bá ti ń ro yín, ẹ sọ fún ẹni tó ń fà á kó dá ẹṣin dúró, kẹ́ ẹ wá pààrọ̀ ìhà. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ ṣì di ọmọ mú kí ìkejì tó ṣípò.

Ẹṣin kì í rí ohun tó wà lẹ́yìn ìrù rẹ̀ gan-an, torí náà ẹ gba ọ̀dọ̀ èjìká rẹ̀ wá, kẹ́ ẹ sì sọ̀rọ̀ kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kàn án. Tó bá fi etí lélẹ̀ sẹ́yìn, inú ń bí i nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ àìsàn wá ńkọ́? Ọmọ tó ń gba oògùn jẹjẹrẹ, ara rẹ̀ ò lágbára láti bá kòkòrò jà. Tí kàtá bá ń ṣe yín, ẹ jókòó sílé. Òmíràn ní rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan láyà tí oògùn ń gbà wọlé, abẹ́ aṣọ ló wà, ẹ ò ní rí i. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ itan là ń dì mú, a kì í gbá ọmọ láyà mú. Ní ti àrùn fòníkú-fọ̀ladìde tí àwa mọ̀ dunjú nílé wa, òtútù àti òùngbẹ lè jí ìrora rẹ̀. Ẹ mú omi àti kóòtù dání, ẹ má sì jẹ́ kí oòrùn Ìlú Ọba tàn yín jẹ.

Ẹ wo ọmọ tó wà lórí ẹṣin funfun yìí. Wọ́n ní kó gùn ún yípo mẹ́ta. Ìgbà tó yípo kan, ó di gọ̀gọ̀ ẹṣin mú, ó ní, “Ó ti tó.” Ó ti tó náà nìyẹn. Ẹ má bẹ̀ ẹ́ nítorí fọ́tò, ẹ má tiẹ̀ yà á rárá tí òbí rẹ̀ ò bá fọwọ́ sí i. Ẹ jẹ́ kó sọ̀ kalẹ̀, kó fi karọ́ọ̀tì sí àtẹ́lẹwọ́ tó tẹ́ pẹrẹsẹ fún ẹṣin rẹ̀, kó sì lọ fọwọ́.

Lẹ́yìn náà, ẹ mú ṣọ́bìrì. Ìgbẹ́ ẹṣin wà nílẹ̀.